Síídì Ni Bàbá Ṣèyí Fẹ́ Parí

                                                  Ilé Olóyè Adéjọbí,
                                                  Ẹ̀yìn Ọjà,
                                                  Àjàgbà,
                                                  Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                                  28 Oṣù Kejìlá, 1999.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Gbémi, Ìyá Dára,

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Ṣé dáadáa ni ìwọ àti bàbá àwọn ọmọ wà? Dára ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ? Ẹsẹ̀ tó ń dun màmá yín ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń lè rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì? Gbogbo ará Iléṣà ńkọ́? Bí o bá ń béèrè tèmi, ara le, àwọn ọmọ ń jẹ, wọ́n sì ń ṣeré, Ọlọ́run ṣeun. Ṣùgbọ́n adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Má jẹ́ kí àdírẹ́sì òkè yìí já ọ láyà. Òkìtìpupa ni ilé ọkọ mi ṣì wà, bí a bá lè pè é ní ọkọ. O kúkú mọ̀ pé láti ìgbà tí Bàbá Ṣèyí ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá láti Ìkàrẹ́ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kò tíì padà wá ṣe ìdána. Ṣèyí ti ń dá ìwé kà, Fúnmiláyọ̀ ti ń dá bàtà wọ̀, ìdána kò dé. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, á ní kí ọwọ́ òun kọ́kọ́ dilẹ̀ ná. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, Gbémi! Àwọn tó ń ta ayò lábẹ́ igi máńgòrò ní ọ́fíìsì láti àárọ̀!

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù ni ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Iye. Iye kì í fi ẹnu kan omi nílé wa. Ó ní òbí tó bá jẹun nílé ọkùnrin tí kò tíì wá tọrọ ọmọ rẹ̀ ti fi ọmọ náà tọrẹ. Nítorí náà, bí ó bá fẹ́ wá wo àwọn ọmọ, á di púpurú ẹ̀gẹ́ rẹ̀ dání, á gbé ìkòkò ọbẹ̀ ẹja, á sì gbé kẹ́ẹ̀gì omi tirẹ̀. Á jókòó sórí àga wa, á jẹ tirẹ̀ tán, á fọ abọ́ rẹ̀, á wá kí ara rẹ̀ kú oúnjẹ.

Ó kan ọ̀rọ̀ síídì. Bàbá Ṣèyí kò tíì ní ẹ̀rọ tí yóò fi wò ó tó ti ń ra síídì. Gbogbo ìgbà tí ọ́fíìsì bá rán an lọ sí Àkúrẹ́, fíìmù ni yóò gbé bọ̀ níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbé búrẹ́dì bọ̀ fún ọmọ. Nígbà tí ẹ̀rọ náà wá dé, kò wò wọ́n; títò ló ń tò wọ́n. Wọ́n lé abọ́ mi jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n lé bàtà mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì wọ́n láti ṣọ́ọ̀bù. Bí àlejò bá dé, á na ọwọ́ sí wọn bí ẹni ń fi oko kòkó hàn.

Lóṣù tó kọjá ni wòlíì obìnrin ìjọ wa ríran. O mọ àwa aláṣọ funfun, a kì í fi ìran ṣeré. Ó ní ayé ń wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun lọ, ẹnikẹ́ni tó bá sì gbé ohun tó bẹ̀rẹ̀ tí kò parí wọ inú rẹ̀, ohun náà ni yóò máa rù kiri. Ha! Gbogbo ìjọ dìde sí iṣẹ́. Ẹni tí kànga rẹ̀ kò tíì kan omi gbé ọkọ́, ó tún wọ inú rẹ̀ lọ. Rose tó ti ń rán bùbá mi láti ọdún Àjíǹde rán an parí lọ́sẹ̀ kan. Ọwọ́ kan gùn ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n ó parí.

Èmi ń yọ̀ ní tèmi. Mo ní Olúwa ti bá mi bá a sọ ọ́. Bí a ṣe délé, a kò tíì bọ́ sùtánà, ọkùnrin yìí mí kanlẹ̀, ó ní òun mọ ẹrù tòun. Mo sáré gbé àga fún un kó lè sọ ọ́ tán. Ó ní, "Ìyá Ṣèyí, àwọn síídì yìí ni."

Gbémi, ilé tó bẹ̀rẹ̀ ní Òde-Ayé ṣì wà ní ìpìlẹ̀, ewúrẹ́ ń bímọ síbẹ̀. Èmi rèé, n kò jẹ́ ìyàwó, n kò jẹ́ wúńdíá. Síídì ló rí! Ó dùn mí dé egungun.

Ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ṣòfin: a kò gbọdọ̀ fo ibì kankan, a kò gbọdọ̀ tòògbé, àní orúkọ àwọn tó gbé iná àti àwọn tó se oúnjẹ, a gbọ́dọ̀ wò ó dópin. Benedict tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń gbé àga wá láti ilé rẹ̀, ó ní òun wá ṣe ẹlẹ́rìí. A wo àwọn ará Ṣáínà tó ń fò lórí òrùlé. A wo àwọn ará Íńdíà tó ń jó yí igi ká; iná lọ, iná dé, wọ́n ṣì ń jó. Ọ̀kan jẹ́ ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń tún fíríìjì ṣe, ní èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́. A kò ní fíríìjì, ó sì wò ó tán. Òmíràn pín sí síídì méjì, èkejì ti sọnù. Ẹ̀rù bà á, ó gun ọ̀kadà lọ bi wòlíì léèrè bóyá ààbọ̀ fíìmù náà di ẹrù. Wòlíì ní kó fi ààwẹ̀ parí rẹ̀. Ó gbààwẹ̀! Ẹni tí kò lè pa oúnjẹ ọ̀sán jẹ nítorí ọ̀rọ̀ tèmi!

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Kérésì dé ni Iye wá gbàtọ́jú ojú ní ọsibítù, ó sì yà wá kí wa. Fíìmù Yorùbá ló wà lórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà: ọmọkùnrin kan gbé ọmọge sílé, ó bímọ fún un, kò lọ rí àwọn àna. Omi bọ́ lójú Bàbá Ṣèyí. Ó na ìka sí tẹlifíṣàn, ó ń pariwo pé, "Ọ̀dájú ni ọmọkùnrin yìí! Kí ló ń dá a dúró? Ṣé kò mọ̀ pé ọmọ olọ́mọ ni?"

Benedict wo ilẹ̀. Èmi wo òrùlé. Iye dá òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́, ó ní, "Ọma mi, tí o bá rí ọmọkùnrin náà, bá mi kí i."

Bàbá Ṣèyí ní, "Màmá, fíìmù ni o. Kì í ṣe òótọ́."

Iye fọ abọ́ rẹ̀, ó dìde. Nígbà tí mo sin Iye dé ibi ọkọ̀ Àjàgbà, ó sọ ohun tí dókítà sọ fún un. Ojú náà ń lọ, kò sì dájú pé yóò padà. Ó ní òun kò sunkún ojú. Ohun tí òun ń bẹ Ọlọ́run fún ni kí àna òun dọ̀bálẹ̀ nígbà tí òun ṣì lè rí ẹni tó wà nílẹ̀. Gbémi, mo sunkún láàárín gáréèjì, n kò wo ti àwọn oníbàárà.

Lọ́jọ́ kejì mo di ẹrù èmi àti àwọn ọmọ. Mo dúró di ìgbà tí orúkọ ń kọjá lórí tẹlifíṣàn, mo mú rìmóòtù lórí tábìlì, mo jù ú sínú báàgì. Bọ́tìnì ara ẹ̀rọ náà ti kú tipẹ́, kò sí ohun tó lè ṣe láìsí i. Mo ní a ń lọ ṣọdún lọ́dọ̀ Iye. Ó juwọ́ sí wa láìwẹ̀yìn.

Lánàá ni Benedict dé síbí lórí ọ̀kadà, ó wọ agbádá. Iye rí i láti ẹnu ọ̀nà, ó rò pé iṣẹ́ ìdána ló gbé wá. Ó ránṣẹ́ pe Bàbá Adéjọbí, àbúrò bàbá mi tó dúró fún wa láti ìgbà tí bàbá ti kú, wọ́n gbé obì kalẹ̀. Benedict dọ̀bálẹ̀, ó kí wọn títí, ó wá jíṣẹ́ pé Ayọ̀kúnlé, Bàbá Ṣèyí, ní kí òun bá a gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi, ọdún ti fẹ́ tán.

Ojú ti Iye, ojú ti èmi náà. Bàbá Adéjọbí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, tí kò sì bínú. Ó ní a kì í fi ohun ilé wa rán oníṣẹ́. Ẹni tó bá ń fẹ́ nǹkan lágbo ilé yìí, kí ó bá bàbá rẹ̀ wá, pẹ̀lú iṣu, epo, oyin àti obì, kí wọ́n sì fi àyà lélẹ̀ bí ó ṣe yẹ.

Láàárọ̀ yìí ni iṣẹ́ dé láti Òkìtìpupa. Bàbá Ṣèyí ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, tòun ti àwọn bàbá láti Ìkàrẹ́. Ó bẹ̀ wá kí a jọ̀wọ́ tètè dá wọn lóhùn, nítorí síídì díẹ̀ ṣì kù nílẹ̀.

Bá mi kí Bàbá Dára, kí o bá mi gbá ọmọ mi mọ́ra, kí o sì kí màmá pé mo ń rántí wọn nínú àdúrà. Iye ní kí n kí ọ. Ó ti yan aṣọ, ó sì ti gbé àga rẹ̀ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí pé kí ni ọkùnrin yìí ń bọ̀ wá gbà gan-an, èmi ni, tàbí nǹkan inú báàgì yẹn?

Mo ní, "Iye, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ná."

                                                  Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
                                                  Motọ́lání.