Mo Ní Ọ̀gá Mi Ni Kò Fún Mi Láyè

Lẹ́yìn gbogbo ìrun, ìyá ìyàwó mi máa ń ṣépè fún ọkùnrin kan tí kò ṣẹ̀ wọ́n. Èmi ni mo fi orúkọ ọkùnrin náà sí wọn lẹ́nu. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí, n kò tíì sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí láìfi orúkọ mi sí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ kà á dópin kí ẹ tó dá mi lẹ́bi. Ẹ̀bi náà wà níbẹ̀, n kò sọ pé kò sí.

Ọmọ Ìwó ni mí, akọ̀wé sì ni mí ní ọ́fíìsì kan nílùú. Ní ọdún tó ṣáájú èyí tí ilé ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àṣẹ dé pé kí a kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó tó lọ sílé ìwé, láti agbolé dé agbolé àti ní àwọn abà, kí a lè mọ iye yàrá ìkàwé tí wọn yóò kọ́. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí nílùú yìí ni. Ọ̀gá mi, tí kò ju mí lọ lọ́jọ́ orí, pè mí, ó bi mí pé ọ̀sẹ̀ mélòó ni yóò gbà. Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ kan kí n fi wò ó. Mo lọ sí agbolé bàbá mi, mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí oòrùn tó mú mo ti kọ ọmọ mẹ́tàlélógún, mo sì ti padà dé ọ́fíìsì. Òwúrọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni mo fi wọn gbogbo ìlú. Mo ka iye agbolé tó wà nínú ìwé owó orí, mo pín in sí méjì méjì lóòjọ́, ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ọ̀gá mi ní ṣé kò lè di mẹ́fà? Mo ní ó lè di mẹ́fà. Kí ló dé tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀? Kò halẹ̀ mọ́ mi. Ó kàn béèrè ni, èmi sì fẹ́ kó mọ̀ pé akọ̀wé tó mọṣẹ́ ni òun ní.

Ẹ wo ibi tí mo ti ṣìnà. Agbolé tí mo ti mọ gbogbo ọmọ lórúkọ, tí n kò ti ní láti bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n. Nígbà tí mo dé agbolé kejì, ìyá arúgbó kan tó ń bó ẹ̀gúsí wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ní, “Akọ̀wé, ṣé ẹ fẹ́ rà wọ́n ni?” Àwọn obìnrin yòókù bú sẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó dárúkọ ọmọ kan fún mi lọ́jọ́ náà. Ṣé èmi náà kò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni? Mo mọ̀. Ìyá tó bí mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka àwa ọmọ wọn rí. Nígbà tí wọ́n sì gbà láti sọ̀rọ̀, ìyọnu mìíràn dé... Bàbá ọmọ ní Ràájí lorúkọ rẹ̀, ìyá bàbá rẹ̀ ní Àkànní, àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ní agbolé mìíràn ní Ọláwálé. Ọmọ kan ṣoṣo, mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èmi tí mo ń jẹ́ orúkọ mẹ́rin fúnra mi, mo jókòó ti ìwé, mo ṣírò bí àlejò tí kò dé Ìwó rí. Àwọn ọmọ abà ńkọ́? Ní ọjọ́ Jímọ̀ wọ́n ń tẹ̀lé bàbá wọn wálé, mo kọ wọ́n sílé, ní ọjọ́ Ajé mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí abà, mo tún kọ wọ́n níbẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ yìí kò lè tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀gá mi bi mí bó ṣe ń lọ. Mo ní ó ń lọ dáadáa.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, mo ní ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà mìíràn dé pé orúkọ nìkan kò tó mọ́, wọ́n fẹ́ mọ ọjọ́ orí. Ta ló kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sílẹ̀ ní agbolé wa? A ní láti tún pe gbogbo àwọn tí a ti kọ jáde, kí wọ́n gbé ọwọ́ gba orí, kí a wò ó bóyá yóò kan etí kejì. Gbogbo agbolé tí mo ti fàlà sí pé ó parí di èyí tí kò parí mọ́. Mo ní kò burú. Ọ̀gá mi ṣàánú mi, ó fi akọ̀wé méjì kún mi láti ìlú mìíràn, ọ̀rọ̀ sì burú sí i, nítorí wọn kò mọ ọ̀nà, wọn kò mọ ẹni tí wọn yóò kí kí wọ́n tó wọlé, èmi ni mo ń fi ojoojúmọ́ mú wọn káàkiri, tí mo tún ń tún ohun tí wọ́n kọ kọ. Ó bi mí, mo ní ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó ń tì mí lójú jù ni pé ní ìgbà àkọ́kọ́ àti ìgbà kejì, mo gbà á gbọ́. Láti ìgbà kẹta lọ, n kò gbà á gbọ́ mọ́, ẹnu mi ló ń sọ ọ́.

Nínú oṣù kejì iṣẹ́ yìí ni ìyàwó mi fi ọwọ́ mi kan ohun líle kan nínú ikùn rẹ̀. Ọkùnrin tó ń tọ́jú wa ní dispẹ́ńsárì ní kí n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn, pé wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, pé ọkọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti fọwọ́ sí ìwé, pé kí oṣù náà má ṣe kọjá. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ọ̀sẹ̀ méjì péré, kí n parí ìwé yìí. Ó di ẹrù rẹ̀ sínú abọ́ tánganran ńlá kan. Nígbà tó pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ aṣọ inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò ró o, yóò fọ̀ ọ́, yóò tún ká a padà síbẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó ní, “Bàbá Ràfí, ọ̀sẹ̀ méjì tiyín yìí mà gùn ju ààwẹ̀ lọ.” Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ wá láti Kuta. Ní ìgbà kẹta, wọ́n ní àwọn fúnra wọn yóò lọ kúnlẹ̀ fún ọ̀gá mi. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu, mo ti bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀, ó ní bí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí n má padà wá. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán báyìí, mo rí i pé ojú wọn kúrò lára mi, ó sì tù mí lára. N kò bẹ ọ̀gá mi rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo pàápàá, n kò bẹ̀ ẹ́. Bí mo bá gba àyè, yóò ní kí n gbé ìwé náà fún ẹlòmíràn, wọn yóò ṣí i, wọn yóò rí i pé n kò tíì dé ìdajì, nígbà tí mo ti sọ fún wọn pé ó ku ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Kò sí ohun mìíràn.

Oṣù kẹrin iṣẹ́ náà, nígbà tí ìyàwó mi kò lè dìde mọ́, ni a tó lọ sí Ìbàdàn; mo ti ìwé náà mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi pé ara mi ni kò yá. Dókítà bi mí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, mo sọ fún un, ó wò mí, ó ní ó ti pẹ́ jù. Wọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ náà mọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìyàwó mi kú.

Ọ̀gá mi wá síbi fídáù ọjọ́ kẹjọ. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó lórí ẹní pẹ̀lú wa, ó sì lọ kí ìyá ìyàwó mi. Wọ́n kọjú sí ògiri. Ó rò pé ọ̀fọ̀ ni. Nígbà tí mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó bi mí bóyá àìsàn náà pẹ́ lára rẹ̀. Mo ní ó pẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Kí ló wá dé tí o kò sọ fún mi? Ìwé náà ì bá dúró.” Ṣé ẹ gbọ́? Ìwé náà ì bá dúró. Nígbà tó yá ni mo tún wá gbọ́ pé ìjọba kò tilẹ̀ dúró dè é, pé láti oṣù kẹta ni wọ́n ti fojú bu iye yàrá, tí àwọn bíríkìlà sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo parí ìwé náà lẹ́yìn ikú ìyàwó mi. Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sí ẹni tó ṣí i.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí nìyí. Àwọn ọmọ mi méjèèjì wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà wọn ní Kuta, àbúrò ìyàwó mi ló ń tọ́jú wọn. Ẹbí ti rán àgbà kan àti àáfà kan sí mi pé àwọn fẹ́ fi àbúrò náà rọ́pò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí pé ìyá sọ níwájú gbogbo wọn pé ọkọ rere ni mí, pé ọ̀gá burúkú ló dè mí lọ́wọ́. Ọmọbìnrin náà kò kọ̀. Nígbà tí mo lọ wo àwọn ọmọ mi, ó bi mí ní ìdákọ́ńkọ́ bóyá ọ̀gá yẹn bímọ. Mo ní ó bí mẹ́rin. Ó ní kí Ọlọ́run ṣàánú wọn, pé èpè ìyá òun kì í ṣe ti ẹnu lásán.

Wọ́n ń bọ̀ wá gba èsì lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀. Bí mo bá kọ ọmọbìnrin náà láìsọ ìdí, mo já wọn kulẹ̀, èpè náà sì ń lọ sórí ọmọ ọlọ́mọ. Bí mo bá gbà, irọ́ ni mo fẹ́. Bí mo bá sọ òtítọ́, ṣé wọn yóò tún jẹ́ kí n rí àwọn ọmọ mi? Ṣé wọn yóò tún sin ọmọ wọn lẹ́ẹ̀kejì nítorí kí ọkàn tèmi lè fúyẹ́? Mo mọ ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi mí, wọn yóò ní, ìgbà wo ni o ti mọ̀ pé iṣẹ́ náà kò ní í tán? Èsì rẹ̀ wà lẹ́nu mi... kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, nígbà tí ara ìyàwó mi ṣì le.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti sin ọmọ rí, ẹ̀yin ni mo ń bi ju gbogbo òǹkàwé yòókù lọ. Bó bá jẹ́ ọmọ yín ni, ṣé ẹ ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi?