Ẹrù Rẹ Kò Sí Lábẹ́ Ẹrù Mi

Ilé Àlàájì,
Ẹ̀yìn Mọ́sálásí,
Òsì-Èkìtì.

Ìyàwó mi Kàdíját,

Àsàlámù aláékùm. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo fi èyí ṣáájú kí o má baà kọ̀wé padà pé, "Ìyálé mi, ẹ̀ bá ti ṣe báyìí, ẹ̀ bá ti ṣe báyẹn." Ohun tí mo ti ṣe ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Ara rẹ ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ ti ń jẹ́ kí o forí kanlẹ̀ kírun, àbí orí àga lo ṣì ti ń kí i? Èmi ń kí tèmi nílẹ̀. Mobọ́lá àti àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ọlọ́run á dá gbogbo yín sí fún mi.

O máa ní kí ló dé tí mi ò tẹ̀ ọ́ láago. Ṣebí mo ń tẹ̀ ọ́. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ òjò, o ń gbọ́ mi ketekete. Bí mo bá ti dárúkọ odó mi báyìí, ariwo ló kù: "Hẹlóò? Hẹlóò? Ìyálé mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa o!" Bébà kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́, pẹ̀lú ìwé díẹ̀ tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbà, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ Mobọ́lá ló ń kà á fún ọ, kí ó má fo ibì kankan o.

Ìròyìn ilé ni pé ògiri ẹ̀yìn yàrá ọkọ wa ti wó. Òjò tó rọ̀ lẹ́yìn Iléyá ló gbé e lọ. Kò pa ẹnikẹ́ni, àfi adìyẹ kan tí kì í gbọ́ràn tẹ́lẹ̀. Tájù ọmọ wa wá láti Adó, ó wo ilé yíká, ó ní òun á ṣí páànù, òun á wó ògiri alámọ̀ náà, òun á fi búlọ́ọ̀kù tún un kọ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣí páànù, gbogbo ẹrù gbọ́dọ̀ jáde: tèmi, ti Àlàájì, àti tìrẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, tìrẹ. Ó ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú Àlàájì, nígbà tí o ní o fẹ́ lọ bá Mobọ́lá wẹ ọmọ tuntun ní Ìlọrin, tí o yá odó mi lọ gún iyán ìsọmọlórúkọ. Mo gbọ́ pé ọmọ tí o lọ wẹ̀ ti ń fá irùngbọ̀n báyìí.

Àwọn ará àdúgbò ní kí n pín ẹrù náà sílé wọn. Mi ò ṣe. Bí o bá kó ìkòkò rẹ lọ sílé onílé, kó tó di ọjọ́ kejì wọ́n á ti mọ èyí tó ń jò. Ọkùnrin kan wà ní Ìdó tó ń jẹ́ Oyèbánjí, ó jogún sítọ́ọ̀ kòkó bàbá rẹ̀. Nígbà tí kòkó ò wọ ibẹ̀ mọ́, ó gé e sí yàrá-yàrá, ó ń fi háyà fún ẹni tó bá ń tún ilé kọ́ tàbí tó ń rìnrìn àjò. Ìwọ lo máa fi àgádágodo tìrẹ tì í, ìwọ lo máa mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ìyẹn wù mí. Oríṣi mẹ́ta ni yàrá náà: ti kékeré tó bí ilé ìdáná wa àtijọ́, ti àárín bí yàrá tí ènìyàn ń sùn, ti ńlá sì rèé, mọ́tò lè wọ inú rẹ̀.

Mo gbé ẹní mi dání lọ. Mo tẹ́ ẹ sínú ti kékeré, mo dùbúlẹ̀ lé e wò. Ó gbà mí, ó tún ṣẹ́kù. Oyèbánjí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin kọ́ lẹ fẹ́ sùn síbẹ̀, ẹrù ni. Ẹ gba ti àárín. Ẹ jẹ́ kí èyí tó wúwo wà nísàlẹ̀, ẹ gbé èyí tó fúyẹ́ lé e, ẹ fi ọ̀nà tí ẹ ó máa gbà wọlé sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ á wọ̀ ọ́." Mo ní ṣé òun ló bá mi ra ìkòkò ni, tó fi mọ bó ṣe pọ̀ tó? Mo gba ti kékeré.

Awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Akínbọ̀dé ló fi ọkọ̀ rẹ̀ kó wa lọ. Tèmi ló kọ́kọ́ wọlé, nítorí èmi ni ìyálé: kọ́bọ́ọ̀dù mi, ìkòkò mi, àwọn abọ́ tánganran, àpótí mi méjèèjì. Ti Àlàájì tẹ̀lé e, àga rẹ̀ àti awọ àgbò tó fi ń kírun. Nígbà tí a máa fi gbójú sókè, yàrá ti kún dé ẹnu ilẹ̀kùn. Tìrẹ ló kù síta: bẹ́ẹ̀dì onírin rẹ, àpótí aṣọ rẹ, ọlọ rẹ, àti igi òfì gbọọrọ tí o fi ń hun kíjìpá, tí kò ṣeé ká, tí kò ṣeé tẹ̀.

Akínbọ̀dé ní kò le, kí a ti bẹ́ẹ̀dì rẹ sísàlẹ̀, kí a to ìkòkò mi lé e lórí. Mo ní rárá. Ó ní kí a wá gbé àpótí rẹ lé tèmi. Mo ní rárá o. Ó wò mí bíi pé orí mi ti ń dàrú. Kò mọ òfin ilé wa, ìwọ mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ tí o wọlé ní ìyàwó, tí o gbé agbọ̀n rẹ lé àpótí mi, tí ariwo wa dé ọjà, ìyá ọkọ wa jókòó sáàárín wa, ó ní, "Ẹrù ẹnìkan ò gbọdọ̀ gun ẹrù ẹnìkejì nínú ulé yìí. Ẹni tó bá fi ẹrù gun ẹrù orogún rẹ̀, orogún rẹ̀ ló gùn. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni kí ẹ máa gbé e sí." Ẹ̀gbẹ́ ara wọn náà ni wọ́n wà títí òní.

Ibẹ̀ ni Tájù dé bá wa. Ọmọ dáadáa ni, o mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó ń lọ. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí a ta bẹ́ẹ̀dì yìí fún àwọn tó ń ra irin, kí a fi igi yìí dáná. Ìyá Mobọ́lá ò padà wá mọ́. Yàrá mẹ́rin ni mo sọ fún bíríkìlà, tiwọn ò sí níbẹ̀. Ẹrù tí kò bá ríbi wọ̀ níbí, kí ló fẹ́ wá yàrá fún nílé?" Háà, Kàdíját. Mi ò mọ̀ pé yàrá ilé ni mò ń yàn nígbà tí mo tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní Ìdó.

Ojú ọ̀run ṣú lápá ìlú Orin. Mo ń wo àpótí rẹ lórí ilẹ̀ níta, mo sì rántí ọdún tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, tí atẹ́gùn ṣí páànù yàrá mi. O gbé àpótí mi lọ sí yàrá rẹ, yàrá tìrẹ náà sì ń jò, ibi gbígbẹ kan ṣoṣo ló kù. Kò sẹ́ni tó ń wò ọ́. O lè gbé ọ̀kan lé èkejì, ìyá ọkọ wa ti kú, ta ni ì bá mọ̀? O gbé tìrẹ sábẹ́ ibi tó ń jò, o gbé tèmi síbi gbígbẹ. Ọjọ́ tí mo ti ọsibítù dé, gbogbo aṣọ rẹ wà lórí okùn, aró ọ̀kan ti ṣàn wọ èkejì. O ní, "Ìyálé mi, omi lásán ni." Omi lásán kọ́ ni, Kàdíját.

Mo ní kí wọ́n kó gbogbo ẹrù jáde. Akínbọ̀dé káwọ́ lérí. Oyèbánjí sáré ṣí ti àárín, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ tán: "Ìyá, ṣé mo wí àbí mi ò wí?" Mo ní, "O ò wí nǹkan kan. Ti àárín lo ní kí n gbà, àfi bí a bá to ẹrù léra kó tó gbà á. Ti ńlá ni mo fẹ́." Kó má lọ máa sọ káàkiri Ìdó pé òun gba Ràbíátù nímọ̀ràn. A kó o wọlé kí òjò tó dé. Bẹ́ẹ̀dì rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù mi, àpótí rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, igi òfì rẹ nà tọ̀tún tòsì bó ṣe wù ú.

Tájù dúró, ó wò ó títí. Ó yọ fóònù, ó pe bíríkìlà, ó ní, "Yàrá márùn-ún ni o." Tìrẹ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, lápá igi ọsàn, kí o lè máa rí ìmọ́lẹ̀ hunṣọ. Mo ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe àtẹ̀gùn sí ẹnu ọ̀nà rẹ, nítorí orúnkún yẹn.

Àyè kékeré kan ṣẹ́kù nínú sítọ́ọ̀ náà, róbótó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Akínbọ̀dé fẹ́ gbé korobá síbẹ̀, mo pariwo mọ́ ọn, ó gbé e kúrò. Mi ò sọ ohun tó wà fún. Ìwọ mọ̀ ọ́n.

Ọlọ́run Ọba á fún orúnkún rẹ ní okun. Òjò á máa rọ̀, kò ní ba ẹrù wa jẹ́. Ọjọ́ tí a bá ń kó wọ ilé tuntun, a ò ní wá ẹnì kan láàárín wa tì. Àmín.

Èmi ni ìyálé rẹ, tí kò ní ìyàwó méjì,

Ràbíátù, Ìyá Tájù.

Mo tún rántí: mi ò fún ọ ní odó yẹn, mo yá ọ ni. Má fi rán ẹnikẹ́ni sí mi. Mọ́tò Ìlọrin ń gba Ọ̀tùn kọjá wá síbí lójoojúmọ́. Kí Mobọ́lá gbé e, kí ìwọ tẹ̀ lé e. Gbèsè ni. Wá san án.