Irun Ṣùkú Hàfísátù

Ìfọ̀,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, ọdún 1954.

Ròkíátù, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọkọ rẹ àti gbogbo ilé yín l'Ékòó. Ara wa le níbí, àfi orúnkún mi tó máa ń bá mi jà nígbà òjò. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

Ó dájú pé ẹ ti gbọ́ pé ìjọba fẹ́ sọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ lóṣù kìn-ín-ní ọdún tó ń bọ̀, àtọkùnrin àtobìnrin. Ariwo pọ̀ níbí. Àwọn kan ní ṣe ni wọ́n fẹ́ kó ọmọ wa lọ sógun. Àwọn mìíràn, tí èmi náà wà nínú wọn, ní kí ọkùnrin máa lọ, kí obìnrin dúró ti ìyá rẹ̀. Mùnírátù ìyàwó mi ò gbà. Ó ní bí Hàfísátù ọmọ òun ò bá lọ, òun náà ò ní dáná. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi mu gàrí kí n tó mú ọmọ lọ forúkọ sílẹ̀.

O mọ̀ bí wọ́n ṣe ń mọ ọmọ tó tó iléèwé: kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Mùnírátù fẹ́ kí ọmọ dùn ún wò, ló bá di ṣùkú fún un, ó ku díẹ̀ kó kan àjà. Hàfísátù na ọwọ́ títí, irun ò jẹ́ kó dé etí. Tíṣà ní, "Kò tíì tó. Bàbá, ẹ mú un padà wá lọ́dún mìíràn."

Ká má parọ́, inú mi kọ́kọ́ dùn. Àmọ́ ọmọ náà ò sunkún. Ó kàn dúró, ó ń wo àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń wọlé. Bí ìwọ náà ṣe dúró nìyẹn, lọ́jọ́ tí Bàbá wa fẹ́ mú àwa méjèèjì lọ síléèwé, tí mo fi igbe ta pé mi ò ní bá obìnrin jókòó, tí Bàbá sì gbọ́ tèmi, tó fi ọ́ sílẹ̀ nílé.

Mo jókòó sínú iyanrìn, mo gbé orí ọmọ lé itan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun. Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ń fi mí ṣẹlẹ́yà: "Sàlísù, ṣé o ti di onídìrí ni?" Mo ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Nígbà tí mo tú u tán, ọwọ́ kan etí, ó tiẹ̀ tún fà á. Tíṣà kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Àbúrò mi, mo fi ẹ̀tọ́ rẹ dù ọ́. Ojú ń tì mí pé ẹlòmíràn ló ní láti ka ọ̀rọ̀ yìí sí ọ létí. Jọ̀wọ́, dárí jì mí.

Kí Ọlọ́hun dá ẹ̀mí wa sí, kó fi ayọ̀ kún ilé yín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Sàlísù.

Àfikún: Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á fún un, ẹ lè fẹ́ fo ibi tí mo ti tọrọ àforíjì, torí ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Ẹ kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì.