Bí Mo Ṣe Wádìí Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Adédiwúrà Yóò Lọ

Abà Ìdí-Igbá,
Lọ́nà Ìsẹ́yìn.

Olújìmí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé Kẹ́misọ́lá ìyàwó rẹ wà ní àlàáfíà, ṣé ara Adédiwúrà ọmọ ọmọ mi le bí mo ṣe fi í sílẹ̀? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó kó mi dé ilé láti Kẹ́tu tí nǹkan kan kò ṣe mí lójú ọ̀nà ni yóò máa kó ìwọ náà jáde, tí yóò sì máa kó ọ wọlé. Ọ̀gá rẹ kò ní ṣì ọ́ gbọ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, omi tó ń kún wọ Ajégúnlẹ̀ lọ́dọọdún kò ní mọ ojú ọ̀nà ilé rẹ. Àmín. Bartholomew télọ̀ ni ó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kí ó kọ ọ́, kí ó má fi ọ̀rọ̀ dídùn kankan kún un. Òjò ti rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí, àgbàdo ti yọ irun, ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, akọ ni méjèèjì, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí ní aṣọ.

Mo mọ̀ pé èsì mi lò ń retí. O sọ fún mi ní Kẹ́tu pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà lẹ́yìn ilé yín ni agbára rẹ ká, ṣùgbọ́n ọkàn Kẹ́misọ́lá kò balẹ̀ sí i. O ní kí èmi àgbà lọ wò ó wá, pé bí mo bá ní kò dára, ẹ ó mú Adédiwúrà wá bá mi lábà, kí ó máa bá mi gbé, kí ó máa lọ sí èyí tó wà níbí. Mo ti wò ó, mo sì ti rò ó láti ìgbà tí mo ti dé. Ṣùgbọ́n kí n tó dá ẹjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí Kẹ́misọ́lá gbé wá síwájú mi.

Òun ló kọ́kọ́ fi fóònù hàn mí, ó ní àwọn èèyàn ti sọ̀rọ̀ nípa ilé-ẹ̀kọ́ náà síbẹ̀, pé ìràwọ̀ méjì péré ni wọ́n fún un nínú márùn-ún. Mo ní ta ló fún un. Ó ní ẹnì kan tó ń jẹ́ Success ni. Mo ní Success ọmọ ta ni, àdúgbò wo ló ń gbé, ṣé ó ní ọmọ níbẹ̀? Ó ní òun kò mọ̀. Mo ní ojú rẹ̀ ńkọ́? Ó ní òdòdó ni ó fi síbẹ̀. Olújìmí, ẹni tí kò ní bàbá, tí kò ní ilé, tí ó fi òdòdó bojú, tí ó wá ń pín ìràwọ̀ fún èèyàn lọ́sàn-án gangan, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ọmọ lọ̀? Ó tún fi àwòrán ilé-ẹ̀kọ́ olówó kan ní Ògùdù hàn mí. Ẹ̀rín ni gbogbo ọmọ inú rẹ̀ ń rín, kò sí ẹni tó làágùn, kò sí eṣinṣin kan ṣoṣo. Mo fi ìka kan ọ̀kan nínú wọn kí n lè mọ̀ bóyá ó sanra lóòótọ́, gbogbo wọn bá sá lọ, ọkùnrin kan tó ń ta ọṣẹ bọ́ sí ipò wọn. Mo dá fóònù náà padà fún un.

Bí mo ṣe mọ ìwádìí ṣe ni mo ṣe é. Nígbà tí o fẹ́ fẹ́ Kẹ́misọ́lá, mo rán èèyàn lọ sí ìlú wọn lọ bèèrè bóyá olè wà nínú ìdílé wọn, bóyá wọ́n máa ń lu obìnrin, bóyá àrùn kan wà tó ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Bàbá tirẹ̀ náà rán ẹnì kan wá wò mí, ọkùnrin náà ṣe bí ẹni tó ń wá iṣẹ́ oko, ó ti jẹ iṣu mi yó kí n tó mọ̀ pé èmi gan-an ni ó ń wò. A kò bínú síra wa, nítorí ọmọ là ń fà léra wa lọ́wọ́. Ilé tí Adédiwúrà yóò máa wà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, láti kíláàsì kìn-ín-ní títí yóò fi jáde girama kékeré, ṣé ó kéré sí ilé ọkọ ni?

Nítorí náà ni mo ṣe lọ jókòó sí ìsọ̀ Ṣọládé tó ń lẹ táyà lọ́kàánkán géètì wọn. Mo bi òun àti àwọn obìnrin tó ń ta súìtì níbẹ̀ nípa ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, Ìyáàfin Ọlábámijí. Mo bèèrè bóyá ó máa ń tètè jí, bóyá ó máa ń jágbe mọ́ èèyàn, bóyá wèrè wà ní ìdílé rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Ìyá Dámiláre, wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní Baba, obìnrin yẹn lọ́kọ o! Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé èmi kò tilẹ̀ fẹ́ èyí tí kò lọ́kọ, nítorí ẹni tó bá ti fara da ọkọ yóò lè fara da ohun gbogbo. Ló bá pàtẹ́wọ́, ó ké sí èkejì rẹ̀ pé kí ó wá gbọ́ ohun tí Baba ará òkè ń sọ, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí igbá súìtì fi fẹ́ dojú dé. N kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì mo ru iṣu pẹ̀lú ìgò oyin kan tọ ọ̀gá àgbà náà lọ, mo ṣí fìlà fún un níwájú àwọn tíṣà rẹ̀, mo ní mo ti bèèrè rẹ̀ ládùúgbò, ìròyìn rẹ̀ sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ó ní Baba, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ òbí. Mo ní èmi kò lè wá irú ibí yìí lọ́wọ́ òfo. Àwọn tíṣà méjì sáré jáde, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu.

Ohun tó wá dé etí Kẹ́misọ́lá lọ́jà Mile 12 kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ni pé bàbá ọkọ rẹ̀ ń fẹ́ ìyàwó nílé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Títí mo fi kúrò lọ́dọ̀ yín ni kò wo ojú mi. Sọ fún un pé n kò fẹ́ ìyàwó. Mo ti sin ìyá rẹ, mo ti sin Jayé àbúrò rẹ, omi ojú mi ti tán, n kò wá obìnrin tí n óò tún sin.

Ọkọ ọ̀gá àgbà náà gan-an gbọ́. Ó wá bá mi ní ìsọ̀ Ṣọládé, ọkùnrin gìrìwò kan, ó ní Baba, wọ́n ní ẹ ru iṣu wá fún ìyàwó mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣé ó ti sè é? Nígbà tí mo wá sọ ọ̀rọ̀ Adédiwúrà fún un, ó jókòó lé orí táyà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹjọ́ ìyàwó rẹ̀ sùn mí. Ó ní kí ilẹ̀ tó mọ́ ni obìnrin náà ti ń jáde. Ó ní abọ́ ńlá tí òun fi ń wẹ̀ ló gbé lọ sí géètì, kí àwọn ọmọ tó bá rin inú ẹrẹ̀ wá láti Ajégúnlẹ̀ lè máa fi fọ ẹsẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ó ní kọ́tìnì pálọ̀ òun ló wà lójú fèrèsé kíláàsì kẹta. Ó ní bí ọmọ ọlọ́mọ kan kò bá wá, ìyàwó òun yóò wá a dé yàrá tí wọ́n ń gbé, nígbà tí òun ọkọ jókòó ti ìkòkò òfìfo nílé. Olújìmí, mo ti gbọ́ ẹni tó ń yin ọjà rẹ̀ rí. Ọkùnrin yìí kò yin nǹkan kan, ríráhùn ló ń ráhùn. Mo gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́ ju ti gbogbo àwọn tíṣà lọ.

Mo ṣì wọlé lọ wo ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra mi, n kò sì ní bo èyí tí kò dára. Àwọn ọmọ pọ̀ jù nínú kíláàsì, àwọn mẹ́ta ló ń há ara wọn mọ́ bẹ́ǹṣì ẹni méjì. Òrùlé apá kan ń jò. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní ìjọba fún wọn, aṣọ funfun ni wọ́n fi bò ó bí òkú, mo ní kí wọ́n ṣí i kí n kí i, wọ́n ní kò sí iná. Ilé ìyàgbẹ́ wọn mọ́ ju bí mo ṣe rò lọ, mo wọlé, mo sì lò ó, kí n má baà fi ojú lásán dájọ́.

Èmi kò kàwé, ṣùgbọ́n mo mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹlẹ́rìí wò. Mo mú ìwé pélébé tó wà nínú páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, mo ní kí wọ́n pe ọmọ kan wá láti girama kékeré. Testimony ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Ó kà á, ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi ní Yorùbá. Mo ní kí ó bọ́ síta, mo pe ọmọkùnrin kan tí kò gbọ́ nǹkan kan wọlé láti kíláàsì mìíràn, mo fún un ní ìwé kan náà. Ọ̀rọ̀ wọn kò yàtọ̀ rárá, àwọn méjèèjì ló ní kí n jáwọ́ nínú iyọ̀, èyí tó bí mi nínú gan-an. Mo dé ti Ògùdù náà kí Kẹ́misọ́lá má baà ní mo ṣègbè. Ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ ní Daddy, ṣé ẹ ní apọ́íńtímẹ́ǹtì? Mo ní ọmọ ọmọ ni mo ní. Kò jẹ́ kí n wọlé. Ọmọ kan tó ń jáde bọ̀ gba ìwé oògùn náà, ó kà á bí ẹyẹ tó ń kọrin, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí ó sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá, ó ń wo ẹnu mi bíi pé mo fẹ́ gbé e mì. Oògùn náà wà lọ́wọ́ mi, n kò mọ̀ ju bí mo ṣe mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìdájọ́ mi rè é. Ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀yìn ilé yín kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó dára. Sọ fún Kẹ́misọ́lá pé kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibẹ̀, kí ó kí Ìyáàfin Ọlábámijí, ojú kò ní tì í, ọkọ rẹ̀ ti di ọ̀rẹ́ mi. Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, kan bẹ́ǹṣì kan fún wọn.

Fi owó páànù ránṣẹ́ sí mi, ẹ̀yìn ilé ń jò, kí o sì fi ti kẹrosíìnì díẹ̀ kún un. Má fi í sínú fóònù mọ́ o. Èyí tí o fi ránṣẹ́ níjelòó, ọmọ tó ni POS gé nínú rẹ̀ lójú mi, ó ní owó iṣẹ́ ni, mo ní iṣẹ́ wo, ṣé ìwọ lo rù ú wá láti Èkó ni? Awakọ̀ ni kí o fún, kí ó fọwọ́ gbé e wá.

Olújìmí, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn kí n sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ náà kò dára. Kò sí ẹni tí ì bá já mi nírọ́. Kí n tó wá sí Kẹ́tu rárá ni mo ti fi ẹfun kun yàrá Adéníkẹ́ ìyá rẹ, mo ti ní kí káfíńtà kan bẹ́ẹ̀dì kékeré síbẹ̀, nítorí láti ìgbà tó ti lọ, mo ń se oúnjẹ ẹni méjì, n kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń se ti ẹnì kan. Nígbà tí mo padà dé, mo kó iṣu sórí bẹ́ẹ̀dì náà. Má mú ọmọ náà wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọlé, di ọwọ́ rẹ̀ mú dé géètì, fà á lé obìnrin náà lọ́wọ́, kí o sì máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Bí wọ́n bá gba ìsinmi, kí o mú un wá kí mi, n óò kó iṣu náà kúrò.

Adédiwúrà yóò kàwé, yóò sì yé e. Ọ̀nà tó ń gbà lọ àti ọ̀nà tó ń gbà bọ̀ kò ní pa á lára. Yóò dàgbà níṣojú ìwọ àti ìyá rẹ̀, ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́, òun ni yóò sin yín. Ẹ̀yin kò ní sin ín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àyàndélé.