Ẹ Bá Mi Sọ fún Wọn Pé Èmi Kì í Ṣe Ìkà

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àbójútó gbogbo wa. Láti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù níbí ni mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yìnyín ló kún gbogbo ibi tí mo lè fi àyà lé. Mo kí Ìyá mi. Mo kí Bùọ̀dá Táíwò àti ìyàwó wọn, mo kí gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Iléṣà. Mo kí Àǹtí Dúpẹ́ ní Alékúwodò, tí mo gbé lọ́dọ̀ wọn nígbà tí mo ń gbá bọ́ọ̀lù ní Òṣogbo. Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń ka lẹ́tà ọmọ yín. Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní tilé nìkan. Àdúgbò ló dá sí i, ó sì yẹ kí àdúgbò gbọ́ ibi tó já sí.

Ara mi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Òtútù ibí yìí, ọmọdé ni ọyẹ́ ilé wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo máa jókòó, mo máa tún dìde. Mo gbé omi tíì kaná, mo gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ títí tó fi gbẹ. Bàtà bọ́ọ̀lù tí mo ti nù mọ́, mo tún ń nù ún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Ọmọ òyìnbó kan wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa níbí tó ń jẹ́ Máàkì, ẹ̀yìn ló ń gbá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Òun ló fún mi ní kóòtù tí mo kọ́kọ́ wọ̀ nílùú yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó bá ọkùnrin kan jà nílé ọtí, ó lù ú títí onítọ̀hún fi kú. Ẹ̀wọ̀n ló wà báyìí. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ gbà á sẹ́gbẹ́, àlùfáà ìlú rẹ̀ àti ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀ ló fọwọ́ sọ̀yà pé ọmọlúàbí ni.

Látìgbà náà ni jìnnìjìnnì ti bo àwọn ọ̀gá wa. Wọ́n ní àwọn ò ní tún àdéhùn ẹnikẹ́ni ṣe mọ́ láìjẹ́ pé àwọn wádìí ìwà rẹ̀ nílé. Àwọn ọmọ ibí, tẹlifóònù ni wọ́n fi wádìí tiwọn. Ní tèmi, òyìnbó kan tó ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri ní Nàìjíríà ni wọ́n ní kó ya Òṣogbo àti Iléṣà, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ṣe ògbufọ̀ fún un.

Alékúwodò ló kọ́kọ́ dé. Ó bi Bùọ̀dá Ràṣídì, onígbàjámọ̀ iwájú ilé Àǹtí Dúpẹ́, pé irú èèyàn wo ni mí. Ẹ sáà mọ Bùọ̀dá Ràṣídì, fọ́tò mi ló wà lára dígí wọn. Inú wọn dùn ṣìnkìn. Wọ́n ní ha, ọ̀daràn gidi lọmọ yẹn, ìkà ni, kò láàánú lójú rárá, kò sí aṣọ́lé tí kò tíì pa ní Òṣogbo. Àwọn tó dúró tì wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan tún fi kún un pé èyí tí mo pa ní Ìbàdàn, ṣe ni wọ́n gbé e jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ náà túmọ̀ gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Bùọ̀dá Ràṣídì, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ká ní ìfẹ́ yín fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ọ̀dọ̀ Máàkì ni ǹ bá wà báyìí.

Ó wá délé wa ní Iléṣà. Bàbá mi, ó bi yín bóyá ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà fún ìwà mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé a kì í yin ọmọ lójú ara rẹ̀, ẹ sì kórìíra òbí tó ń polówó ọmọ fún àlejò. Wọ́n ní ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ọmọ lásán ni, ẹ ní Ọlọ́run nìkan ló mọ inú ẹ̀dá, ẹ sì bu iyán kún iyán àlejò. Ìwà àgbà ni. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ wọn níbí ni pé bàbá tó bí mi gan-an kọ̀, kò lè dúró fún mi.

Nígbà tí ọ̀gá pè mí tó sì sọ gbogbo rẹ̀, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi. Ẹ̀rín yẹn ló tún bà á jẹ́. Mo ṣàlàyé títí ó rẹ̀ mí, pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú là ń pè níkà, pé ẹni tó pa aṣọ́lé, bọ́ọ̀lù ló gbá wọlé. Ó wá bi mí pé kí la ń pe ẹni tó bá pààyàn lóòótọ́. Orúkọ kan náà ni.

Látọjọ́ náà ni mi ò ti mọ ẹsẹ̀ mi gbé mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan gbá mi lẹ́sẹ̀ lórí pápá. Bí mo ṣe dìde, mo rí i pé ọwọ́ mi ni gbogbo wọn ń wò. Èmi náà wò ó. Inú bí mi, ẹ̀rù sì bà mí. Ẹnu yin Máàkì, Máàkì pààyàn. Èmi tí mi ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, àwọn tó yìn mí ló dá mi lẹ́bi. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ èèyàn, Bàbá? Kò sí àgbà tí mo lè fi Yorùbá bi níbí.

Ọ̀gá ti gbà láti pè yín lórí tẹlifóònù. Nọ́ọ̀sì kan níbí, ọmọ Èkìtì, ló máa túmọ̀. Bùọ̀dá Táíwò á mú yín lọ sí ọ́fíìsì tẹlifóònù ní Òṣogbo. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n á bi yín. Bí ẹ bá tún ní Ọlọ́run ló mọ̀, ilé ni wọ́n ń dá mi padà sí, kò sì sí ẹgbẹ́ tó máa gba ẹni tí wọ́n lé nítorí ìwà.

Mo mọ̀ pé á ṣòro fún yín. Ẹ ò yìn mí rí. Lọ́jọ́ tí a gba ife ní Òṣogbo tí mo sáré wálé wá fi hàn yín, ẹ ní kí n lọ fọ ẹsẹ̀ kí n tó wọlé. Kò dùn mí, mo mọ̀ pé inú yín dùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ èsì tí ẹ fún òyìnbó yẹn, nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Bóyá kì í ṣe ìwà àgbà nìkan ni. Bóyá ẹ ò mọ̀ lóòótọ́. Ọmọ tó ti pẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, ta ló lè búra fún un? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sọ fún èmi kí ẹ tó sọ fún wọn. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ní kí ẹ yìn mí. Ẹ ṣáà sọ pé ẹ mọ̀ mí.

Ẹ̀yin àti Ìyá mi, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Kòkó yín ní oko Ifẹ̀wàrà á so wọ̀ǹtìwọnti. Olúwa á jẹ́ ká fojú kanra láyọ̀. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà. Ẹ kí Bùọ̀dá Ràṣídì dáadáa, mi ò bínú sí wọn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ tẹlifóònù.

Èmi ni ọmọ yín, tí kò pààyàn rí,
Olúṣẹ́gun.