Bí Mo Ṣe Lé Àwọn Alárù Wọgbó

Èṣùbíyìí ọmọ mi, Àkànní ọkọ mi, mo kí ọ o. Mo kí ọ kú àárín àlejò, mo kí ọ kú afẹ́fẹ́ ọ̀sà Èkó. Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé oúnjẹ ń wọlé? Ọ̀ṣun yóò tutù fún ọ, ojú kò ní tì ọ́ ní ilẹ̀ tí a kò bí ọ sí, ọ̀tá kò ní mọ ibi tí o ń sùn. Bàbá rẹ kí ọ, ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ti bí ọkùnrin, orí ọmọ náà gùn bíi tìrẹ, a dúpẹ́.

Wàhábì ọkọ Kúbúrátù, aládùúgbò wa, ló ń bá mi kọ èyí, ìkọ̀wé àwọn ààfáà ló fi ń kọ ọ́. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní ẹ̀rín kò ní àmì. Nítorí náà, bí o bá dé ibi tó yẹ kí a rẹ́rìn-ín, bá mi rín in. Bí ìwé yìí bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ tí kò sọ̀rọ̀, gbọ̀n ọ́n dáadáa, ó lè jẹ́ pé omi ọ̀sà ló wọ̀ ọ́ létí.

Mo gbọ́ pé ọ̀gá rẹ òyìnbó ní irin róbótó kan tó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ nínú àpò, pé bí kò bá tíì wo ojú irin náà, kò ní jẹun. Bàbá rẹ ní bóyá irin náà ni ìyàálé ilé. Máa kí i dáadáa o, torí bí irin bá bínú tí ebi sì ń pa ọ̀gá, ọmọ ọ̀dọ̀ ni yóò jìyà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ti òkè ẹ̀yìn abúlé wa. Ìwọ náà mọ̀ pé orí òkè yẹn ni àwọn alárù ń gbà bí wọ́n bá ń ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ẹ̀jìnrìn, níbi tí ọkọ̀ Èkó ti ń gbéra, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń gbà bọ̀. Wọn kì í sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Olórí wọn á pariwo lẹ́ẹ̀kan pé ẹni tó bá ní iṣẹ́ kó wá rán an, wọ́n á sì kọjá lọ. Nígbà tí èmi bá fi máa fi ọwọ́ ti orúnkún dé òkè, èèpo obì tí wọ́n jẹ ni mo máa ń bá. Báyìí ni ẹrù tí o fi ránṣẹ́ ṣe kọjá mi lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, tí Wàhábì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá mi gbé e padà. Mo gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ mi lọ́jọ́ náà. Mo dáhùn, ṣùgbọ́n èémí ti gba ohùn lẹ́nu mi. Ó dùn mí wọra. Mo ní, èmi Ọ̀ṣuntóyìn, tí mo pọ̀n ọ́ gun òkè yìí, òkè náà ni yóò wá máa dènà ìròyìn rẹ mọ́ mi? Mo pinnu pé mo máa kọ́ eré sísá.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ mo so ìró mi le, mo sì gbéra bí ewúrẹ́ tó jalè. N kò tíì dé ìdí ọ̀pẹ tí àyà mi fi ń lù kìkì, tí ojú mi ń ṣe bàìbàì. Àfi bí Fálẹ́yẹ ará ilé kejì ṣe yọ sí mi tòun ti àdá, ó ní níbo ni wọ́n wà. Àwọn obìnrin ti ń gbé ọmọ wọn pọ̀n. O mọ irú ayé tí a wà, ẹni tó bá ń sáré, ogun ló rí. Mo ní kò sí ẹnikẹ́ni, mo kàn ń sáré ni. Ó ní àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Mo ní alárù ni mo ń lé. Ó wo ọ̀nà, kò rí alárù kankan, ló bá lọ sọ fún bàbá rẹ pé kó máa ṣọ́ mi.

Ti Kúbúrátù tún burú jù. Àràárọ̀ ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á ní Ìyá Èṣùbíyìí, òkè náà kò lọ síbì kankan o, ẹ rọra máa lé e.

Ṣùgbọ́n mo kọ́gbọ́n. Mo rí i pé òkè kò fẹ́ kí a wo òun lójú; bí mo bá ti wo orí rẹ̀, ṣe ló ń ga sí i. Ni mo bá ń wo ilẹ̀ iwájú ẹsẹ̀ mi, mo sì ń gbẹ́sẹ̀ kúkúrú bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Mo tún ń parọ́ fún ẹsẹ̀ mi. Mo ní ẹ jẹ́ ká dé ìdí ọ̀pẹ, a ó padà sílé. Bí a bá dé ìdí ọ̀pẹ, mo ní ó ku ìdí òkúta. Ẹsẹ̀ kò gbọ́n rárá, ojoojúmọ́ ló ń gbà mí gbọ́.

Òjò kan wá rọ̀. Mo yọ̀ nítòsí òkúta, mo fi ìdí wọ́lẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà Fálẹ́yẹ. Fálẹ́yẹ ní ẹ káàbọ̀. Mo wọlé, mo ní ó tán, n kò sáré mọ́ láyé. Kúbúrátù gbé omi gbígbóná wá, ó ń fi ra mí lẹ́sẹ̀. Bó ṣe ń ra á ló ń sọ pé àwọn obìnrin ọjà Odògbolu ń wí pé ó ti rẹ Ìyá Èṣùbíyìí. Mo ní àwọn wo? Ó ní wọ́n pọ̀. Kí àkùkọ tó kọ lọ́jọ́ kejì, mo ti wà lórí òkè! Ìgbà tó yá ni Wàhábì jẹ́wọ́ pé kò sí obìnrin kan ní Odògbolu tó mọ̀ mí, ìyàwó òun ló hùmọ̀ rẹ̀. Kò fẹ́ kọ èyí sílẹ̀, èmi ni mo ní kó kọ ọ́.

Bàtà tó wà nínú ẹrù tí o fi ránṣẹ́ dára púpọ̀. Bàbá rẹ ní ẹsẹ̀ ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́. Mo ní rárá o, ta ni yóò fi awọ dídán bẹ́ẹ̀ tẹ ẹrẹ̀? Kí sì ni okùn gígùn yẹn wà fún bí kì í bá ṣe ọrùn? Mo fi kọ́rùn. Bí mo bá ń sáré, ọ̀kan á máa lù mí láyà, ìkejì á máa lù mí lẹ́yìn, bí ẹni fi pàṣán lé ẹṣin. Eré mi le sí i gan-an. Òyìnbó gbọ́n.

Ìgbà tí mo gbọ́ orin àwọn alárù lókè, mo ju ewùrà tí mo ń rin sílẹ̀, mo gbéra. Mo kọjá ọ̀pẹ, mo kọjá òkúta, n kò dúró. Mo yọ sí wọn lójijì, ẹnu mi là sílẹ̀, bàtà ń lù mí, mo ń ju ọwọ́ méjèèjì, ohùn kò sì jáde. Àkànní, gbogbo wọn da ẹrù aṣọ sílẹ̀, wọ́n sá wọgbó! Olórí wọn, Adélékè, ọkùnrin gìrìpá, gun igi. Ó ń béèrè láti òkè pé àwọn mélòó ló ń lé mi bọ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè pé kó ní sùúrù, ló bá tún gùn sí i.

Mo jókòó ti ẹrù wọn, mo ń bá wọn ṣọ́ ọ. Mo mu omi wọn, mo sì jẹ iṣu sísun wọn díẹ̀, torí a kì í fi ebi ṣọ́ ẹrù ẹlẹ́rù. Nígbà tí ohùn mi dé, mo ké sí wọn pé kò sí ogun, ìyá Èṣùbíyìí ni. Adélékè sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò fún un tán, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ẹrù. Ó ní láti òní lọ, àwọn á máa sọ ẹrù kalẹ̀ lórí òkè níbẹ̀, àwọn á sì dúró dè mí, kí n ṣáà máa rìn wá, kí n má sáré sí àwọn mọ́.

Ó wá ní kí ni iṣẹ́ náà? Ọmọ mi, mo ronú, mo ronú, gbogbo ohun tí mo kó sẹ́nu láti ìsàlẹ̀ ti dà sọ́nà. Mo ní kó sọ fún ọ pé mo ní ṣé dáadáa ni o wà. Ó ní ṣé ìyẹn nìkan? Mo ní ìyẹn nìkan ni. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òun náà ní ìyá ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

N kò nílò eré mọ́ báyìí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ń jí kí n tó jí, ni mo bá ń tẹ̀ lé e lọ. Kúbúrátù náà ti ń bá mi sá a, ó sì ti ń yá jù mí, èyí kò dùn mọ́ mi nínú. Jọ̀wọ́, fi owó ẹyọ díẹ̀ ránṣẹ́, ìró mi ti ya ní itan, mo sì ń jẹun ẹni méjì. Bàbá rẹ ní ewùrà inú àká ń sáré jù mí lọ.

Ayé kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Òkè yòówù tí o bá ń gùn ní ìlú àlejò, èémí kò ní tán nínú rẹ kí o tó dé orí rẹ̀. Bí o bá sì dé orí rẹ̀, wàá bá ẹni tó ń dúró dè ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ọ̀ṣuntóyìn.