Bàbá Kí-Ni-Ìdí, Ẹni Tó Ní Kí Ọ̀gá Bá Òun Di Irin Mú

Ní ọdún 1946, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà kan, ni a bí bàbá wa, àkọ́bí gbẹ́nàgbẹ́nà náà àti aránṣọ tó fi ṣe aya. Ìka mẹ́sàn-án ni bàbá wọn ní. Gbàrà tí bàbá wa mọ ọ̀rọ̀ sọ ni wọ́n béèrè ibi tí ìkẹwàá wà. Bàbá wọn ní ayùn ló mú un lọ. Wọ́n ní, "Kí ni ìdí?" Orúkọ tí àdúgbò fi ń pè wọ́n títí dọjọ́ alẹ́ nìyẹn.

Wọ́n parí ilé ẹ̀kọ́ ní ọdún 1963. Àwọn olùkọ́ wọn jẹ́rìí pé wọ́n ní làákàyè. Àwọn olùkọ́ kan náà ló dúpẹ́ nígbà tí bàbá wa jáde.

Ní ọdún 1969, wọ́n fẹ́ ìyá wa, ilé iṣẹ́ onírin kan sì gbà wọ́n síṣẹ́. A kò ní purọ́ mọ́ olóògbé: bàbá wa gbáfẹ́. Bí wọ́n bá lọ ṣòkòtò iṣẹ́ wọn tán, ojú ìlọ̀ rẹ̀ lè gé búrẹ́dì.

Òfin méjì tí kò bára wọn mu ló wà ní ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ ọ̀kan sára ògiri: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí akoto lórí lẹ́nu iṣẹ́. Wọn kò kọ ìkejì síbì kankan: bí ọ̀gá àgbà bá ń kọjá, kí oníkálukú ṣí akoto kí i. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ kì í dé akoto, nítorí irun rẹ̀ tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń dán bíi bàtà tuntun. Bàbá wa bi àwọn àgbà iṣẹ́ pé èwo ni kí wọ́n tẹ̀ lé. Wọ́n ní, "Ìwọ ṣáà ṣe méjèèjì, àbúrò."

Ní ọdún 1971, nígbà tí ìyá wa wà nínú oyún àkọ́bí, ọ̀gá àgbà mú àlejò wá wo ilé iṣẹ́. Bàbá wa àti ajórinmọ́rin kan gbé òpó irin léjìká. Ajórinmọ́rin fi ọwọ́ kan ṣí akoto tirẹ̀, irin bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Bàbá wa kò ṣí tiwọn. Ọ̀gá ní, "Ìwọ, ṣé wọ́n kàn án mọ́ ẹ lórí ni?"

"Rárá o, sà. Ọwọ́ mi ni kò ṣófo. Bí mo bá fi irin yìí sílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹnìkejì mi ló máa kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dì í mú díẹ̀, kí n kí yín bó ṣe yẹ."

Níwájú àlejò, ta ni yóò sọ pé òun kò lágbára? Ọ̀gá gba irin. Bàbá wa ṣí akoto, wọ́n tẹrí ba, wọ́n kí i dáadáa. Wọ́n wá wo ògiri, wọ́n sì fi akoto náà dé ọ̀gá lórí, nítorí òun ló wà lábẹ́ irin báyìí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Oníkálukú gbé ẹ̀rín náà lọ sílé.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n ní kí bàbá wa máa lọ sílé, pé iṣẹ́ ti bọ́. Ìyá wa ní, "Bàbá ọmọ, ṣé ìkíni yín la ó fi bọ́ ọmọ?" Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀gá ránṣẹ́ pè wọ́n. Kò tọrọ àforíjì. Ó kàn béèrè pé, "Irin yẹn, ṣé bó ṣe máa ń wúwo nìyẹn?"

"Èyí tó fúyẹ́ nìyẹn, sà."

Bí òfin àìkọ yẹn ṣe kú nìyẹn. Wọ́n gba bàbá wa padà, wọ́n sì fi wọ́n ṣe ẹni tí ń dá àwọn ẹni tuntun lóhùn: ṣé a lè wọ òrùka sídìí ẹ̀rọ, kí la ó ṣe bí ọ̀gá bá pàṣẹ ohun tí ògiri kọ̀. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 2006. Bàbá wa náà wá di ọ̀gá, wọ́n sì fẹ́ kí a kí wọn, kí ìkíni náà gùn díẹ̀.

Nínú ìjọ, àwọn ló ń fi ìjókòó han èrò. Àwọn náà ló bi pásítọ̀ pé bí iná bá sọ, ilẹ̀kùn wo la ó gbà jáde. Ìjọ ṣe ilẹ̀kùn kejì.

Wọ́n fi ìyàwó, ọmọ mẹ́rin àti ọmọ-ọmọ mọ́kànlá sáyé lọ.

Láti ọjọ́ tí wọ́n dé ọ̀gá ní akoto ni ìyá wa ti ń bi wọ́n: ṣé ọgbọ́n ni wọ́n fi mú ọ̀gá lọ́jọ́ yẹn? Lórí ibùsùn àìsàn ni wọ́n tó sọ ọ́: "Èjìká ló ń dùn mí lọ́jọ́ náà, ìyá ọmọ mi. Ọgbọ́n tí ẹ ń wí, ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ."

Bàbá, kí èjìká náà sinmi. Ẹ sùn un re o.